Bí Mo Ṣe Ya Alhaja Bí Ẹni Ya Ọba

Àwòrán yíyà ni mò ń ṣe jẹun. Kì í ṣe fọ́tò o. Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti kánfáàsì ni. Yàrá iṣẹ́ mi wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, ní Peckham, níbi tí ariwo àwọn tó ń ná ẹja àti ti bọ́ọ̀sì tó ń fọn fèrè ti ń wọlé láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn. Nunhead ni mò ń gbé, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ojú èèyàn ni mo mọ̀ ọ́n yà jù lọ. Mi ò ní torí pé mo fẹ́ rẹ ara mi sílẹ̀ kí n wá sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n yà. Ẹni tó bá jókòó síwájú mi, kó tó mu tíì rẹ̀ tán, mo ti rí ibi tí agídí rẹ̀ ń gbé lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé nínú àwọn ilé káńsù kan, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road pè mí lórí fóònù. Bàbá òyìnbó kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní alága àwọn fẹ́ fi ipò sílẹ̀, àwọn sì fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sínú họ́ọ̀lù tí àwọn ti ń ṣèpàdé. Wọ́n ti kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n fi sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́. Nígbà tí obìnrin náà rí i, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ògiri kíá.

Bàbá náà ní, "Ó ní òun dà bí ẹni tí àwọn immigration fẹ́ dá padà sílé."

Mo bú sẹ́rìn-ín, torí mo mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Alhaja ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òun àti ìyá mi jọ ń fọ ọ́fíìsì láàárín ìlú ní kùtùkùtù, bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n sì jọ ń wọ̀ lọ, wọ̀ bọ̀. Nígbà tí káńsù wá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wó àwọn ilé náà, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tú ká lọ síbi tí wọn ò ti mọ ẹnì kankan, Alhaja ló ń kan ilẹ̀kùn láti àjà kan dé òmíràn. Ó fi ìborùn borí, ó wọ kóòtù, iwájú ló máa ń jókòó sí ní gbogbo ìpàdé káńsù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ, òun fúnra rẹ̀ ló tò ó jọ, kò sì sí ọ̀gá kan níbẹ̀ tó lè sọ pé òun ò gbọ́ ohun tó wí. Ọ̀rọ̀ náà fa ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbẹ̀yìn, káńsù jáwọ́. Ilé alájà gíga mẹ́ta dúró síbi tí wọ́n wà, wọ́n tún wọn kùn, wọ́n ṣe lífìtì tuntun sí wọn. Kò sẹ́ni tó fi Alhaja joyè kankan, àmọ́ tó bá ń kọjá nínú ọgbà yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn á dìde fún un láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Mo wí fún akọ̀wé pé, "Màá yà á. Ṣùgbọ́n mi ò ní yà á bí òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìntì. Màá yà á bí ẹni ya ọba."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní inú Alhaja á dùn.

Inú Alhaja ò dùn rárá. Ó gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá iṣẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ń mí gúlegúle, kò tiẹ̀ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ yà mí bí ọba. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Mi ò ní dé adé o."

"Ẹ ò ní dé adé, mà."

"Ìtẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí ìtẹ́ níbẹ̀."

"Kí wá lọba níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọ̀kan, mà. Ẹ̀yin fúnra yín á rí i."

Ó tún ara rẹ̀ ṣe sórí àga, ó wo àwọn àwòrán tó wà lára ògiri mi yíká. "Mo ti bi alfa wa," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àwòrán èèyàn níbi tí mo ti ń kírun, àmọ́ họ́ọ̀lù kì í ṣe mọ́sálásí. Torí náà inú họ́ọ̀lù ló máa wà. Kò gbọdọ̀ wọ ilé mi."

"Mo ti gbọ́, mà."

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àárín ìlú, a sọ̀ kalẹ̀ nítòsí Trafalgar Square, a rìn díẹ̀ dé ilé ńlá kan tí wọ́n kó àwòrán àwọn ọba àti àwọn ìjòyè àtijọ́ sí. Mo ti mọ ilé náà bí ẹni mọ ilé ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni mo ti ń lọ jókòó síbẹ̀. Mo mú Alhaja gba inú àwọn yàrá tí kò kàn wá kọjá, a kò dúró títí a fi dé iwájú àwòrán ọbabìnrin kan tó jẹ lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó lé ní irínwó ọdún sẹ́yìn. Obìnrin náà kò fẹ́ ọkọ, kò sì bímọ. Àwòrán náà ga ju èèyàn lọ. Aṣọ funfun tó wọ̀ fẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì, ìlẹ̀kẹ̀ péálì kún un láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, kọ́là léèsì gígan yí orí rẹ̀ ká.

Alhaja dúró, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Aṣọ yìí wúwo," ó wí. "Báwo ló ṣe gbé e dúró?"

"Kò dájú pé ó gbé e dúró fún ayàwòrán. Nígbà mìíràn, aṣọ nìkan ni wọ́n máa ń gbé wá fún un, ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́."

"Hẹn?"

Mo wá ṣàlàyé fún un. Mo ní nígbà yẹn, ọba kò lè dé gbogbo ibi tó ń pàṣẹ lé lórí, àwòrán rẹ̀ ló ń lọ bá a dé ibẹ̀. Ẹni tó bá rí àwòrán náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé alágbára ni, ẹni mímọ́ ni, ọlọ́gbọ́n ni, kí ó tó kúrò níwájú rẹ̀. Torí náà, kò sí ohun kan nínú àwòrán ọba tó wà níbẹ̀ lásán. Bí àwa ṣe ń fi ẹnu ki ọba, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀dà kì í. Péálì wọ̀nyẹn ń sọ pé kò mọ ọkùnrin. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ojú ọ̀run dúdú, mànàmáná ń kọ. Lọ́wọ́ kejì, oòrùn yọ. Ìyẹn ń sọ pé ìjì ti kọjá, òun ló sì lé e lọ. Mo sọ fún un pé ìjòyè kan ló ní kí wọ́n ya àwòrán náà. Ìjòyè náà ti ṣẹ ọbabìnrin rí, ọbabìnrin sì ti dárí jì í.

"Ẹ̀bẹ̀ ló fi bẹ̀ ẹ́ nìyẹn," Alhaja wí. "Ẹ̀bẹ̀ ńlá." Ó rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sún mọ́ ìsàlẹ̀ àwòrán náà tó bẹ́ẹ̀ tí òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ yàrá náà fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Kí ló dúró lé lórí?"

Ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí. "Máàpù ni, mà. Máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ tó ń jọba lé lórí ló dúró lé. Èyí ni mo fẹ́ fún yín gan-an. Màá ya máàpù gbogbo àdúgbò yín, Old Kent Road, ọgbà yín, ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yin á sì dúró lé e lórí, kí ìjì wà lẹ́yìn yín."

Láti ọjọ́ tí akọ̀wé ti pè mí ni mo ti ní àwòrán yìí lọ́kàn. Mo ti ya àpẹẹrẹ rẹ̀ sórí bébà títí ó fi dá mi lójú pé kò sí ohun tó tún lè dára jù ú lọ.

"Rárá," Alhaja wí.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, mà."

"Mo ní rárá. Èmi tí mo bá káńsù jà pé kí wọ́n má wó ilé lé àwọn èèyàn lórí, o wá fẹ́ kí n fi bàtà tẹ ilé wọn mọ́lẹ̀? Ìyá arúgbó kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa tí kò lè dá dìde. Ṣé orí òrùlé rẹ̀ lo fẹ́ kí n dúró lé?"

Mo lè sọ fún un pé àmì lásán ni, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti ń kọ́ ọ láti ìgbà tí a ti dé ibẹ̀ ni pé kò sí àmì tó wà lásán. Ó ti gbọ́ mi yé. Ohun tó rí nínú àwòrán náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ ọbabìnrin náà wà lórí ìlú àwọn èèyàn.

A padà wọ bọ́ọ̀sì. Inú mi ò bàjẹ́ o, mò ń ronú ni, torí tí ọ̀nà kan bá dí nínú iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ pé òmíràn wà, mi ò kàn tíì rí i ni. Nígbà tí a dé Camberwell, obìnrin kan wọlé tó gbé báàgì ọjà lọ́wọ́ méjèèjì, tó pọn ọmọ. Ó wọ kóòtù tó nípọn, orí kóòtù náà ló pọn ọmọ lé. Ọ̀já ti fẹ́ tú. Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, Alhaja ti dìde, ó ti di ọmọ náà mú nídìí, ó ní kí obìnrin náà gbé báàgì sílẹ̀. Ó fa ọ̀já yẹn, ó dì í padà níwájú, ó ti ìdí ọmọ náà sókè lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, mi ò mọ ibi tó ti wá, àmọ́ ó dúró jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń dì í fún un. Alhaja padà wá jókòó.

Fèrèsé ló ń wò.

"Ohun tí mo ṣe nìyẹn," ó ní.

"Kí ni, mà?"

"Àwọn ilé yẹn. Mi ò dúró lé wọn lórí. Mo pọ̀n wọ́n ni."

Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni mo ti rí gbogbo àwòrán náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sẹ́yìn rìsíìtì tó wà nínú báàgì mi. Alhaja ń yọjú wò ó, ó ń sọ pé imú òun ò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe tò ó nìyí: Alhaja dúró, ó yí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí a lè rí èjìká àti ẹ̀yìn rẹ̀. Kóòtù dúdú rẹ̀ ló wọ̀, ìborùn funfun ló fi borí. Ilé alájà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já aláró, wọ́n yọ orí jáde lókè èjìká rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ mọ ohun tó ń lọ. Ojú ọ̀run dúdú lọ́wọ́ ẹ̀yìn, àwọn ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń wó ilé dúró nínú òkùnkùn rẹ̀. Níwájú rẹ̀, ojú ọ̀run mọ́ díẹ̀, kò mọ́ tán. Òun ló ní kó má mọ́ tán. Ó ní, "Káńsù ṣì wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Tuesday ló máa ń wá. Ó máa ń gbé mọínmọín wá nínú kúlà, á ní kí n jẹun kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá rẹ̀ ẹ́ láti dúró, á jókòó, á máa ṣí ìwé àwọn àwòrán ọba tó wà lórí tábìlì mi. Lọ́jọ́ kan, ó rí àwòrán ọbabìnrin kan náà níbi tó ti di asẹ́ mú lọ́wọ́.

"Kí ló ń fi asẹ́ ṣe? Ó fẹ́ sẹ́ ògì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé ìtàn àwọn ará Róòmù àtijọ́ kan ni. Wọ́n fẹ̀sùn kan wúńdíá kan pé kò mọ́, ó wá fi asẹ́ bu omi nínú odò, omi náà ò jò. Torí náà, asẹ́ wá di àmì obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

Ó ronú sí i. "Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu gan-an lórí ọ̀rọ̀ ọkọ yìí," ó wí, ó sì ṣí ojú ìwé mìíràn.

Wàhálà dé nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá wo iṣẹ́ náà. Òun nìkan ni ọmọ tí Alhaja bí. East Dulwich ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, ibí ni wọ́n sì bí i sí. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kúnlẹ̀ kí mi nígbà gbogbo. Ó dúró síwájú kánfáàsì, ó ká apá mọ́ àyà.

"Aunty, ẹ má bínú o, but ẹ ti jẹ́ kí Mummy dàgbà jù. Ẹ wo ọrùn yẹn. Ẹ wo abẹ́ ojú. It's a bit harsh, to be honest."

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi fọ́tò kan hàn mí tí wọ́n yà nígbà tí Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Ojú rẹ̀ ń dán nínú fọ́tò náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Èmi náà rántí ojú yẹn.

"Ẹ lo eléyìí," ó ní. "Please, Aunty."

Mo sọ fún un pé ojú ẹni tó jókòó níwájú mi ni mò ń yà. Mo wá fi kún un, bí ẹni tó fẹ́ fi ìmọ̀ rẹ̀ hàn, pé ọbabìnrin àtijọ́ yẹn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tó ti ń darúgbó, ojú kan ṣoṣo tó rẹwà ni wọ́n fún àwọn ayàwòrán kí wọ́n máa wò ó yà, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ojú náà ò ní hunjọ.

"Exactly!" ọmọ náà pariwo. "Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Mummy náà."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún un ní igi tó fi nà mí. Mo wo Alhaja. Ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń bó ọsàn.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń ya arúgbó bí ọmọdé?" ó bi mí.

"Torí pé kò ní ọmọ tó máa jọba lẹ́yìn rẹ̀, mà, kò sì fẹ́ dárúkọ ẹni tó máa gba ipò rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń lọ, ẹ̀rù á máa bà wọ́n."

Alhaja fi awẹ́ ọsàn kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán, ó tu hóró rẹ̀ sọ́wọ́. "Ẹni tó máa gba ipò lọ́wọ́ èmi wà níbẹ̀. Mo ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, ó sì ti mọ gbogbo ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ẹ̀rù máa bà. Jẹ́ kí n darúgbó."

Ọmọ rẹ̀ ò tún sọ̀rọ̀ lórí ojú mọ́. Ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ìyá náà sì fún un lára ọsàn.

Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí Alhaja ṣe sọ pé, "Ọwọ́ mi nìkan ni kí o bá mi tún ṣe."

Mi ò tíì ya ọwọ́ nígbà yẹn. Mo ti rí i pé ó máa ń fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ìborùn tó bá dúró fún mi, mo rò pé òtútù ni. Ó nà wọ́n síta báyìí fún mi. Oríkèé ìka rẹ̀ wú, ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún ti tẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ náà sì ti le, ó ti hunjọ níbi tí omi bíléàṣì ti jẹ ẹ́ láti ọdún tó ti ń fọ ọ́fíìsì.

"Ọwọ́ mi dára nígbà kan," ó ní. "Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, ìyá ọkọ mi ń mú un hàn àwọn àlejò."

Mo sọ fún un pé ọbabìnrin yẹn náà fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀, pé ó mọ̀ pé ìka òun gùn, ó rẹwà, torí náà ni wọ́n fi máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ hàn dáadáa nínú àwòrán. Alhaja mi orí. Ó jọ pé lọ́jọ́ yẹn ni ọbabìnrin náà kọ́kọ́ wù ú.

"Ó mọ nǹkan tó ń ṣe. Na ìka mi fún mi."

"Mà, mi ò lè nà á. Bí mo bá ya ojú yín bó ṣe rí, tí mo wá ya ọwọ́ ẹlòmíràn sí yín lára, gbogbo àwòrán náà á di irọ́. Ọwọ́ yìí ló kan gbogbo ilẹ̀kùn yẹn."

"Mo mọ ohun tó kàn. Èmi ni mo ni ín. Mo ní kó dára."

Èmi àti òun jọ jẹ́ olórí kunkun. Ó gbé kúlà rẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ lọ, kò sì wá ní ọjọ́ Tuesday tó tẹ̀lé e. Mo ya kóòtù, mo ya ojú ọ̀run, mo fi àyè ọwọ́ sílẹ̀ ní funfun. Mi ò pè é láti bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo tọ̀nà nípa ìka náà. Mo tún mọ̀ pé òun náà tọ̀nà, pé èèyàn tí wọ́n ń yà bí ọba lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun kan tó rẹwà lára rẹ̀ tó fẹ́ kí ayé rí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí méjèèjì ṣe máa wà nínú ọwọ́ kan náà.

Ọmọ rẹ̀ ló yanjú rẹ̀. Kò sọ fún mi. Ó mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin ará Sudan kan tó ń lé làálì fún àwọn ìyàwó ní Rye Lane, kò tilẹ̀ jìnnà sí ìsàlẹ̀ yàrá iṣẹ́ mi. Mo gbọ́ ohùn Alhaja lórí àtẹ̀gùn, ó ń pariwo kí ẹnikẹ́ni má ṣe fara kan òun, làálì ò tíì gbẹ dáadáa. Ó wọlé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀ tó kún.

Obìnrin ará Sudan yẹn mọṣẹ́. Kò gbìyànjú láti fi oríkèé tó wú pa mọ́. Ó fi òdòdó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, ó fa ewé tẹ̀ lé ìka tó tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ gan-an, ó fi pupa dúdú kun orí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọwọ́ náà ṣì jẹ́ ọwọ́ arúgbó tó ṣiṣẹ́. Ó tún wá jẹ́ ọwọ́ tí èèyàn fẹ́ máa wò.

"Ṣé ẹ rí i?" ọmọ náà wí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mo rí i," mo dá a lóhùn. "Ó yá, Alhaja, ẹ di etí ọ̀já yẹn mú níwájú àyà. Ẹ má mira."

Mo ya ọwọ́ náà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Mo ṣọ́ra fún pupa tí mo lò. Nínú àwọn àwòrán ọbabìnrin yẹn, ọ̀kan wà tí ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, tí àwọn èèyàn sì rò pé bó ṣe rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n nígbà tí wọ́n yà á, ìmọ́lẹ̀ ló jẹ pupa náà tán díẹ̀díẹ̀. Èmi lo pupa tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, èyí tó jẹ́ ìpẹtà irin. Ìmọ́lẹ̀ ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Làálì orí ọwọ́ Alhaja fúnra rẹ̀ ti ṣá kí oṣù tó parí. Ti inú àwòrán á wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni wọ́n ṣí i nínú họ́ọ̀lù. Àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì Old Kent Road dé wá pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn ará mọ́sálásí Alhaja wá, àwọn òyìnbó àgbàlagbà tó ti ń gbé inú ọgbà náà látayébáyé wá pẹ̀lú kéèkì. Ẹnì kan ti ìyá arúgbó tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wá nínú àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e síwájú. Akọ̀wé sọ̀rọ̀ díẹ̀, obìnrin tó gba ipò alága náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì fa aṣọ tó bo àwòrán náà sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ṣí àwòrán mi rí, mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, torí náà mo dúró, mo fi ọwọ́ sẹ́yìn. Lójijì ni ọkùnrin kan lẹ́yìn kígbe pé, "Fèrèsé mi nìyẹn!"

Mo ti lọ ya àwọn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà láti ìta ní ìrọ̀lẹ́ kan, fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ìkòkò òdòdó, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó wà ní bákónì. Mi ò fò kankan. Ni gbogbo wọn bá rọ́ síwájú. Wọ́n ń na ìka, wọ́n ń pe ara wọn, ẹnì kan ń sọ pé kọ́tìnnì òun ti yí padà láti ìgbà yẹn, ẹlòmíràn ń bi mí kí ló dé tí aṣọ tí òun sá fi wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí. Ìyá arúgbó inú kẹ̀kẹ́ ní kí wọ́n ti òun sún mọ́ ọn. Ó wá tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀já, ó rí i, ó sì wo ojú Alhaja lókè fún ìgbà pípẹ́.

Alhaja kò wo àwòrán náà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń wò. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú léèsì funfun, ọmọ rẹ̀ dì í mú lápá, ọmọ náà ń sunkún, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé kí àtíkè rẹ̀ má baà bàjẹ́. Nígbà tí èrò dín kù, Alhaja sún mọ́ àwòrán náà, ó yẹ ojú ara rẹ̀ wò, ó yẹ ọwọ́ wò. Ó mi orí sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, mi ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Èwo ni fèrèsé tèmi?" ó bi mí.

Mo fi hàn án. Àjà kẹta ni, ní ilé àárín, lókè èjìká rẹ̀ gan-an. Mo ti fi ìmọ́lẹ̀ sí i, ó pọ́n bí ọsàn, òun ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Mo gbà pé ó dára lójú.

Ó bojú wò ó dáadáa, ó fà mí létí aṣọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn àlejò má baà gbọ́.

"Èmi ni mo wà níta yìí. Ta ló wá tan iná sílé mi? Mi ò kì í fi iná sílẹ̀ tí mo bá jáde. Lọ pa á."

Ní ọjọ́ Tuesday, mo gba kọ́kọ́rọ́ họ́ọ̀lù lọ́wọ́ akọ̀wé, mo gun àkàbà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọ̀dà aláró díẹ̀, mo sì pa iná náà.